Ìlú tí Gbogbo Ènìyàn ti Ń Pè É ní Joey

Láti ilé ni mo ti gbé ohun tí mo mọ̀ nípa alùpùpù wá. Lójú ẹni tí ó ń gbé Ìbàdàn, alùpùpù ni ohun tí à ń gùn nígbà tí ọkọ̀ kò bá wọ àdúgbò, tí òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, tí ọlọ́kadà sì ń dá owó ńlá lé ibi tí ẹsẹ̀ ìbá gbé ènìyàn dé. Òun náà ni ìjọba Èkó lé kúrò lójú ọ̀pọ̀ títì lọ́dún 2012, tí wọ́n tún lé lọ́dún 2020, tí wọ́n tún padà lé lọ́dún 2022. N kò tíì pàdé ìyá tí ó gbààwẹ̀ kí ọmọ òun lè di ọlọ́kadà. Nítorí náà, nígbà tí àbúrò mi obìnrin, tí ó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Coleraine ní Àríwá Áílándì, ní ibojì ọkùnrin kan tí ó ń fi alùpùpù sáré ìje wà lára ibi tí òun fẹ́ mú mi dé, mo rò pé iṣẹ́ òru ti ń dà á láàmú.

"Ẹ fara balẹ̀, bọ̀dá mi," ó ní. "Bí ẹ ò bá mọ Joey, ẹ ò lè mọ àwọn tí mò ń tọ́jú. Àwọn àgbàlagbà tí kò rántí orúkọ ọmọ wọn mọ́, ẹ dárúkọ Joey fún wọn, kí ẹ wá wo ojú wọn."

Mo ti kà nípa rẹ̀ kí n tó gbéra. Joey Dunlop, tí wọ́n bí ní oṣù Kejì ọdún 1952. Láàárín ọdún 1977 sí ọdún 2000, ó gba ipò kìíní nígbà 26 nínú ìdíje TT ti erékùṣù Man, níbi tí ìyípo kan ṣoṣo ti ju máìlì 37 lọ, lórí títì gidi tí ó gba àárín ìlú àti orí òkè kọjá. Ó di olúborí àgbáyé ti Formula One TT ní ọdún márùn-ún tẹ̀léra, láti 1982 dé 1986. Ó borí nígbà 24 nínú ìdíje Ulster Grand Prix. Mo to gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kékeré mi, mo sì múra láti máa dáhùn "ẹn-hẹ́n" bí àwọn ènìyàn bá ti ń kà á fún mi. Kò sẹ́ni tí ó kà á fún mi.

Ilé ọtí tí ó jẹ́ tirẹ̀ nígbà ayé rẹ̀ ṣì wà ní Ballymoney, ìlú rẹ̀, kò jìnnà sí ibùdó rélùwéè. Joey's Bar ni orúkọ rẹ̀. Àwòrán bo ògiri: Joey lórí alùpùpù, Joey lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife ẹ̀yẹ, Joey tí ó fi sìgá sẹ́nu tí ó ń wo ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí wọ́n ní kó wá dúró kí wọ́n ya fọ́tò nígbà tí iṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀. Ọmọbìnrin tí ó ń bu ọtí kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ. Wọn ò tíì bí i nígbà tí Joey kú, síbẹ̀ "Joey" ni òun náà ń pè é, gbọ̀rọ̀gbọ̀rọ̀, láìsí bọ̀dá, láìsí bàbá, láìsí ọ̀gá. Nílé wa, ẹni tí ó bá dárúkọ ọkùnrin ọlọ́dún méjìdínláàádọ́ta báyìí, tí ó tún jẹ́ olóògbé, wọ́n á bi í pé ta ni ó kọ́ ọ. Mo ń retí kí ẹnìkan bá a wí. Àgbẹ̀ arúgbó kan tí ó jókòó nítòsí mi tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbàkúùgbà tí ọmọ náà bá pè é.

Màlúù ni àgbẹ̀ náà ń sìn. Gẹ̀ẹ́sì wọn ń sáré, ó ń gé ìrù ọ̀rọ̀, ohùn wọn sì ń gòkè ní ìparí gbogbo gbólóhùn débi pé n kò mọ èyí tí ó jẹ́ ìbéèrè. Nígbà tí mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ rọra sọ ọ́, wọ́n rọra, wọ́n sì tún fi ọwọ́ sí i.

"Ibi tí ọmọbìnrin yẹn dúró sí un, ibẹ̀ ló máa ń dúró sí," wọ́n ní. "Ó máa ń bu ọtí fún wa. Bí o bá fẹ́ gbọ́ bí ìdíje ṣe lọ, ẹlòmíràn ni kí o bi. Òun ò ní sọ fún ọ."

Mo bi wọ́n pé ìdíje wo ni ó dùn mọ́ wọn jù. Wọ́n ronú títí, wọ́n wá sọ ìtàn ọkọ̀ ojú omi fún mi. Ọdún 1985. Àwọn eléré Áílándì máa ń kó ara wọn àti alùpùpù wọn sínú ọkọ̀ apẹja lọ sí erékùṣù Man, nítorí pé kò náni lówó púpọ̀. Tornamona ni wọ́n ń pe ọkọ̀ ti ọdún náà. Kò tíì jáde tán kúrò ní agbègbè Strangford tí ó fi rì. Wọ́n yọ gbogbo wọn láàyè, Joey wà lára wọn. Nínú TT ọdún yẹn gan-an ni ó ti borí nínú ìdíje mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

"Ìwọ ńkọ́?" àgbẹ̀ náà bi mí. "Bí o bá rì sómi tí o sì yè, kí lo máa ṣe?"

Mo ní n ó lọ sí ilé-ìjọsìn, n ó dúpẹ́, n ó sì pa ewúrẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn, wọ́n sì ra ọtí kan fún mi nítorí ewúrẹ́ náà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dá sí i láti ẹ̀yìn. Ó ní ìgbà ti kọjá, pé Michael, ọmọ àbúrò Joey, ti borí ní TT ju ìgbà 26 lọ láti ọdún 2024, nítorí náà Michael ni ọba báyìí. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní alùpùpù ìsinsìnyí yàtọ̀, àwọn kan ní ìdíje ìsinsìnyí pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àgbẹ̀ náà kò dá sí ìkankan nínú wọn. Wọ́n ní ọmọ dáadáa ni Michael, ó yára, Ọlọ́run á ṣọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún padà sórí bí Joey ṣe máa ń tún ẹ́ńjìnnì ara rẹ̀ ṣe, tí epo dúdú kì í kúrò lábẹ́ èékánná rẹ̀. Mo ṣàkíyèsí pé ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń jà fún Michael náà sún mọ́ tòsí kí ó lè gbọ́.

Ìyá tí mo wọ̀ sí ilé wọn kò fẹ́ràn alùpùpù. Wọ́n sọ ọ́ fún mi kí wọ́n tó gbé oúnjẹ àárọ̀ kalẹ̀, bí ẹni tí ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yé ara ẹni. Nípa oúnjẹ náà: èrò mi tẹ́lẹ̀ ni pé àwa nìkan ni à ń jẹ ohun tí ó wúwo láàárọ̀, pé òyìnbó a máa fi ṣíbí ṣa ohun fúyẹ́fúyẹ́ nínú wàrà. Ẹyin dídín méjì, ṣọ́sẹ́ẹ̀jì, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀, tòmátò tí iná ti lá lẹ́gbẹ̀ẹ́, búrẹ́dì sódà, àti búrẹ́dì pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi ànàmọ́ òyìnbó gígún ṣe. Búrẹ́dì méjèèjì, wọ́n tún dín wọn nínú ọ̀rá ẹran náà. Lẹ́yìn èyí ni tíì tí ó dúdú bí agbo, tí wọn kò jẹ́ kí ife rẹ̀ gbẹ. Bí mo bá ti gbé e sílẹ̀, wọ́n á tún un bù. Mo mọ irú ìfẹ́ yẹn. Ọ̀dọ̀ àǹtí ìyá mi ní Ìṣẹ́yìn ni mo ti kọ́kọ́ sá fún un.

"Ariwo ni," ìyá náà ń wí nípa eré ìje. "Ariwo, ẹ̀rù, àti ìsìnkú. Ṣùgbọ́n ti Joey yàtọ̀."

Ohun tí ó yàtọ̀ ni Ròmáníà. Nígbà tí ìròyìn àwọn ọmọ aláìlóbìí ibẹ̀ jáde lẹ́yìn tí ìjọba Ceaușescu, olórí orílẹ̀-èdè náà, wó, Joey bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ àti oúnjẹ sínú ọkọ̀ tí ó fi ń gbé alùpùpù, ó sì ń wa ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ la Yúróòpù kọjá. Ó lọ sí Ròmáníà, ó lọ sí Alibéníà, ó lọ sí Bọ́síníà nígbà tí ogun ti tú ibẹ̀ ká. Kò pe oníròyìn sí i. Ní ọdún 1986, ọba obìnrin ti fún un ní oyè MBE nítorí eré ìje. Ní 1996, oyè OBE tí ó tẹ̀ lé e, iṣẹ́ àánú yìí ni wọ́n torí rẹ̀ fún un. Ìyá náà ní yàrá tí mo sùn sí, àpótí ló kún inú rẹ̀ nígbà kan, torí gbogbo àdúgbò ló ń kó nǹkan jọ: kúbùsù, bàtà ọmọdé, mílíìkì. Wọ́n ka àwọn ohun náà bí ẹni tí ó ń ka ẹrù ìyàwó. Nígbà tí mo béèrè bóyá wọ́n rí i sáré rí, wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan, wọ́n sì dijú.

Oṣù Karùn-ún ni mo lọ, ọ̀sẹ̀ ìdíje alùpùpù North West 200. Títì tí ó so Portstewart, Coleraine àti Portrush pọ̀ ni wọ́n tì pa tí wọ́n sọ di ojú eré, títì tí àbúrò mi ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Ó ní òpó iná, ògiri, ẹnu ọ̀nà ilé onílé, àti àmì tí ó ń sọ fún awakọ̀ pé kó rọra. Wọ́n fi ohun rírọ̀ wé òpó díẹ̀, ó tán. Lórí irú títì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń sáré ju 200 máìlì lọ ní wákàtí kan.

A dúró lẹ́yìn ògiri òkúta kan láti àárọ̀. Àwọn ènìyàn gbé àga, wọ́n gbé búrẹ́dì, wọ́n gbé agbòjò. Ariwo kan bẹ̀rẹ̀ lọ́nà jíjìn, bí ìgbà tí wọ́n ń ya aṣọ tí kò fẹ́ ya. Gbogbo orí yí sí apá kan. N kò rí ohun tí mo lè pè ní ènìyàn. Atẹ́gùn gbá mi láyà, òórùn epo jíjó tẹ̀ lé e, mo yíjú sí ọwọ́ kejì, ọ̀nà ti ṣófo. Obìnrin ẹ̀gbẹ́ mi ti ń bu tíì. Báyìí ni a ṣe wà: ìṣẹ́jú púpọ̀ láìsí nǹkan kan, ìpajú kan tí gbogbo nǹkan wà nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà ìdúró mìíràn.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yé mi. Ká ní ẹnìkan dúró lẹ́yìn irú ògiri yìí fún ogún ọdún, tí ó ń retí akoto aláwọ̀ ìyeyè tí Joey máa ń dé. Bí a bá ro gbogbo ìpajú tí ojú rẹ̀ fi rí Joey lórí eré pọ̀, bóyá ni yóò pé ìdajì wákàtí. Ọkàn kò lè fi èyí nìkan fẹ́ràn ènìyàn. Wọ́n ní láti wá ibi tí ó ti dúró, wọ́n sì rí i: lẹ́yìn káńtà, nídìí ẹ́ńjìnnì, nínú ọkọ̀ tí ó kún fún mílíìkì ọmọdé. Iye ìgbà tí ó borí, ìwé ni ó ń tọ́jú rẹ̀. Àwọn ará ìlú tọ́jú ìyókù.

Ṣùgbọ́n n kò ní sọ pé mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀. Lójú eré yìí kan náà ni Robert, àbúrò Joey, ti kú ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 2008, nígbà tí wọ́n ń dán ọ̀nà wò. Ní ọjọ́ kẹta, Michael ọmọ rẹ̀ gun alùpùpù, ó sì borí nínú ìdíje alùpùpù 250cc lórí títì tí ó pa bàbá rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, William, ẹ̀gbọ́n Michael, kú ní Skerries nítòsí Dublin. Nígbà tí àbúrò mi ń to èyí fún mi, inú bí mi sí gbogbo àwa tí a gbé àga wá. Mo yíjú sí obìnrin onítíì náà, mo béèrè pé ṣé kò sí àgbà tí ó lè pe ìdílé yìí jókòó ni.

"Kí ni kí ó sọ fún wọn?" ó ní. "Ṣé kò sí irú wọn níbi tí ìwọ ti wá?"

Ó wà. Mo mọ ìdílé ọdẹ tí ẹfọ̀n pa bàbá, tí ọmọ kó òkú rẹ̀ wálé, tí ó sì gbé ìbọn náà padà sígbó kí wọ́n tó ṣe ogójì ọjọ́. Àwọn ìjálá tí wọ́n sun fún bàbá náà, a ṣì ń gbọ́ wọn tí orí wa ń wú. Mo gba tíì tí obìnrin náà nà sí mi.

Ohun kan wà tí ó ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti gbà gbọ́ ní ilẹ̀ yẹn. Nínú agbolé tiwa, ẹ̀gbọ́n lè máa jẹ́ Ràfíù kí àbúrò máa jẹ́ Sunday, ẹran Iléyá kan náà ni wọn ó jọ jẹ. Níbí, Kristẹni ni apá méjèèjì, Kátólíìkì àti Protestant, síbẹ̀ àbúrò mi ti kìlọ̀ fún mi kí n má bi ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ó ń lọ. Ní abúlé kan, wọ́n kun etí títì ní pupa, funfun àti búlúù. Ní òmíràn, aṣọ àsíá aláwọ̀ ewé, funfun àti ọsàn ni ó ń fẹ́ lórí òpó. Láti ìparí àwọn ọdún 1960 títí di àdéhùn àlàáfíà ọdún 1998, ìjà apá méjèèjì pa ènìyàn tí ó lé ní 3,500.

Ọ̀nà tí Joey ń sáré lórí rẹ̀ gba ilẹ̀ àwọn méjèèjì. Ọmọ ìjọ Presbyterian ni, ṣùgbọ́n kò gbé àsíá ẹnikẹ́ni, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ òṣèlú lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ ò tilẹ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ rárá. Bóyá ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni wọ́n rí jókòó sí. Nígbà tí wọ́n sin ín ní oṣù Keje ọdún 2000, nǹkan bí ẹgbàá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ènìyàn, ìyẹn 50,000, ni ó wá sí Garryduff, láti apá méjèèjì, ní ìgbà tí àdéhùn àlàáfíà kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta.

Garryduff kì í ṣe ìlú; ṣọ́ọ̀ṣì ni láàárín pápá màlúù. A lọ síbẹ̀ nígbà tí òjò dá. Joey àti Robert wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Tọkọtaya kan tí wọ́n gun alùpùpù wá láti Jámánì ti ń gbá ewé kúrò níwájú òkúta náà, wọ́n ṣe é bí ẹni tí ó ti ń ṣe é lọ́dọọdún. Ọkọ náà sọ fún mi pé àwọn ti dé Tallinn ní Ẹsitóníà rí, níbi tí Joey kú sí ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 2000. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ti borí nínú ìdíje méjì, ó wá gun 125, alùpùpù kékeré, ó sì ń ṣíwájú nígbà tí ọ̀nà yọ̀ tí ó kọlu igi. Kò tíì ju oṣù kan lọ tí ó gba ìdíje mẹ́ta ní TT, lẹ́ni ọdún 48. Àwọn ará ibẹ̀ náà gbé ohun ìrántí kalẹ̀ fún un lẹ́bàá títì.

Mo ń ro Ọlábísí Àjàlá bí wọ́n ṣe ń gbálẹ̀. Òun náà gun alùpùpù, Vespa, ó fi la ayé kọjá, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé An African Abroad tí ó jáde ní 1963. Ebenezer Obey fi orúkọ rẹ̀ kọrin. Ọdún 1999 ni ó kú, ọdún kan ṣáájú Joey. Títí di òní, ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbélé, Àjàlá ni à ń pè é, àwọn tí wọn kò mọ̀ pé ènìyàn gidi ni náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Bí tọkọtaya yìí bá wá sí Èkó kí wọ́n wá gbálẹ̀ ọ̀dọ̀ Àjàlá, orin la ó fi ṣe wọ́n lálejò. Mo kọ́kọ́ rò pé ìtìjú ni. Ṣùgbọ́n orin kì í hu koríko, kò sì sí ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ lọ kí ó tó gbọ́ ọ. Mo fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo ń padà, takisí ni ó gbé mi lọ sí pápákọ̀ òfurufú Belfast. Rósárì ń fì lára dígí awakọ̀ náà. Bàbá àgbàlagbà ni wọ́n, wọn kò sì sọ nǹkan kan títí wọ́n fi bi mí ibi tí mo ti wá, tí mo ní Ballymoney.

"Joey," wọ́n ní. Bí ẹni tí ó ń kí mi ni.

Nígbà tí a dé oríta pápákọ̀, ọkọ̀ náà kò yà. Mo rí àmì, mo rí bàálù tí ó ń sọ̀ kalẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń lọ sẹ́yìn wa. Mo rọra wí pé, "Bàbá, ẹ ti kọjá ibẹ̀." Wọ́n ní àwọn mọ̀. Wọ́n ní kò ṣeé ṣe kí n dé tòsí Dundrod kí n má rí Dundrod.

Dundrod ni ojú eré Ulster Grand Prix, máìlì méje ó lé díẹ̀. A dé orí rẹ̀, títì abúlé tóóró ni, igbó lọ́tùn-ún lósì, títí dé ìsàlẹ̀ òkè tí wọ́n ń pè ní Deer's Leap. Ibẹ̀ ni awakọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọdún 1999, bí David Jefferies, tí ó kéré sí Joey ní ogún ọdún, ṣe lé e kiri lórí títì yìí, tí Joey ọmọ ọdún 47 sì na án mọ́lẹ̀. Bí ìtàn ṣe ń yára ni ọkọ̀ ń rọra. Tírátọ̀ kan jáde níwájú wa pẹ̀lú ìdì koríko lẹ́yìn rẹ̀. Mo wo aago. Ọ̀nà ọ̀tún ṣí sílẹ̀ gbayawu, wọn kò yà á sílẹ̀. Wọ́n ń fi ọwọ́ kan ṣàpèjúwe bí àwọn méjèèjì ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ara wọn, wọ́n sì ń bẹ̀ mí kí n má dààmú, pé bàálù kì í tètè gbéra.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ni mo dé ibẹ̀. Mo na owó sí wọn, wọ́n ka á, wọ́n sì dá díẹ̀ padà fún mi. Wọ́n ní àwọn kì í gba owó apá Dundrod lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.